Ohun Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí Mo Tẹ̀lé Àpò Ìdọ̀tí Wa Dé Ààtàn

Ọ̀rá bisikíìtì kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tí a ti wà lórí omi, mo jókòó sí pèpéle òkè ọkọ̀, mo ń jẹ bisikíìtì tí mo rà kí a tó gbéra, mo sì ti ọ̀rá rẹ̀ sábẹ́ itan kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú. Bí mo ṣe dìde láti wo àwọn ẹyẹ tó ń fò lókè omi ni ẹ̀fúùfù gbé ọ̀rá náà. Ó kọ́kọ́ rọra ga sókè, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni ó balẹ̀ sórí omi níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè dé mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ ti rí i kí n tó pariwo. Ó sáré mú àwọ̀n tí wọ́n fi igi gígùn ṣe ọwọ́ rẹ̀, ọ̀gákọ̀ sì dẹ ẹ́ńjìnnì, ó yí ọkọ̀ padà tìtorí ọ̀rá kan ṣoṣo. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fi wá a. A rí i lẹ́ẹ̀kan: omi ti kún inú rẹ̀, ó ti rì díẹ̀ sí abẹ́ omi, ó ń fẹ̀, ó ń sún kì, bí ohun tó ní ẹ̀mí. Nígbà tí àwọ̀n fi máa débẹ̀, a kò rí i mọ́. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Atukọ̀ yẹn gbọn omi kúrò lára àwọ̀n rẹ̀, ó gbé e kọ́ sáyè rẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá bú mi ni, ì bá tù mí lára.

N kò ní dárúkọ ọkọ̀ náà tàbí erékùṣù tí a ti wọ̀ ọ́, nítorí àwọn tó ni ín tọ́jú wa dáadáa, ẹ̀bi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kì í sì í ṣe tiwọn nìkan. Àwa arìnrìn-àjò jẹ́ 14, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ jẹ́ 6, ọjọ́ 7 ni a sì lò láàárín àwọn erékùṣù kéékèèké tí òkè iyùn yí ká. Kí n tó lọ, mo ti ka ara mi sí ẹni tó mọ́ tónítóní. N kì í da nǹkan sójú ọ̀nà, n kì í sì í sọ ìdọ̀tí sómi. Ohun tí n kò tíì mọ̀ ni pé lórí omi, ìyàtọ̀ kò sí láàárín ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ sọ nǹkan dànù àti ẹni tí kò di tirẹ̀ mú dáadáa. Ibì kan náà ni ìdọ̀tí àwọn méjèèjì ń lọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ yẹn, amọ̀nà wa, obìnrin kan tó ti ń mú àlejò wọ inú òkun yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó nawọ́ sí nǹkan kan nínú omi, nǹkan tó rí bíi gíláàsì rírọ̀, tó ń fẹ̀, tó ń sún kì, tí ìgbì ń gbé lọ díẹ̀díẹ̀. Jẹ́lífíìṣì ni. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá jẹ́ ìjàpá òkun, tí ebi sì ń pa yín, báwo lẹ ṣe máa mọ èyí yàtọ̀ sí ọ̀rá bisikíìtì yín?" N kò rí èsì fọ̀. Ìjàpá òkun kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ awọ dípò igbá líle, òun ló tóbi jù nínú gbogbo ìjàpá, jẹ́lífíìṣì sì ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Bí ọ̀rá bá ti wọ ọ̀fun rẹ̀, kò rọrùn fún un láti pọ̀ ọ́ jáde, nítorí pé ọ̀fun ìjàpá òkun kún fún àwọn nǹkan ṣóńṣó bí ẹ̀gún tó dojú kọ ikùn, tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí ohun tó bá ti wọlé má ṣe padà síta.

Ọ̀rọ̀ iyùn fúnra rẹ̀ tún burú ju bí mo ti rò lọ. Òkúta ni mo pè é tẹ́lẹ̀, àṣé ẹran kéékèèké ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn tó so pọ̀. Àwọn tó rí rìbìtì bí òkìtì nínú wọn kì í sì í fi ju sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì lọ dàgbà láàárín ọdún kan. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2018, nínú èyí tí wọ́n ti yẹ iyùn tó lé ní 120,000 wò lórí òkè iyùn 159 ní agbègbè Éṣíà àti Pàsífíìkì, fi hàn pé níbi tí ike kò bá ti kan iyùn, bí ìdá 4 nínú 100 ni ewu pé kí àrùn mú un, ṣùgbọ́n níbi tí ike bá ti lọ́ mọ́ ọn, ó di ìdá 89 nínú 100. Ike a máa ha á lára, a máa dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn, a sì máa gbé kòkòrò àrùn wá sójú egbò tí òun fúnra rẹ̀ dá sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka iye yẹn kí n tó gbà pé kì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé.

Síbẹ̀, ọjọ́ tí a gúnlẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rá tí ẹ̀fúùfù gbé yẹn ló kéré jù nínú ẹ̀bi mi. Àwọn atukọ̀ ń kó àpò ìdọ̀tí jáde láti abẹ́ ọkọ̀, mo sì kà wọ́n: 11, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kún dé ẹnu. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tò wọ́n sórí ọmọlanke pé níbo ni wọ́n ń lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí ó bá wù mí kí n máa bọ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ìrìn náà kò tó ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn òkè kékeré kan, ààtàn kan wà tí wọ́n fi àwọ̀n ṣe ọgbà yí ká, àwọ̀n náà sì ti ya ní ìhà tó kọjú sí òkun. Ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ dókè, wọ́n ń fẹ́ lẹ́lẹ́, àwọn ẹyẹ òkun sì ń ṣa nǹkan jẹ lórí òkìtì tí èéfín ń rú lára rẹ̀. Láti ibi tí mo dúró sí, mo ń wo omi tí a ti lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ lánàá. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ju àpò kẹrin sílẹ̀, ó bẹ́, ìgò ọṣẹ ìfọrun mi sì yí jáde láti inú rẹ̀. Mo dá a mọ̀ nítorí pé mo ti fi báírò kọ nọ́ńbà yàrá mi sí i lára. Ìdajì ọṣẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo jù ú nù kí ẹrù mi lè fúyẹ́.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń ju ìdọ̀tí mi sínú garawa bí ọmọlúwàbí, tí mo sì rò pé mo ti ṣe tèmi. Àṣé garawa kò pa ìdọ̀tí run, ó kàn ń gba ọ̀nà mìíràn gbé e lọ sókun ni. Erékùṣù kékeré kì í ní ilẹ̀ tó pọ̀ tó láti sin ìdọ̀tí àlejò, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ ike láti fi ṣe nǹkan mìíràn. Ohun tí wọn kò bá rí ọkọ̀ kó padà sí ilẹ̀ ńlá, wọn a sun ún, tàbí kí wọ́n kó o jọ síbi tí ẹ̀fúùfù ti ń yan èyí tó wù ú. Ìgò omi kéékèèké ló pọ̀ jù nínú àpò tó bẹ́ yẹn. Nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé mi padà, mo ṣe ìṣirò rẹ̀: ìgò mẹ́ta lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwa 14, ọjọ́ 7. Ó jẹ́ 294. Ìgò kan sì wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń ṣe ìṣirò náà.

Nígbà tí mo ń múra ìrìn àjò kejì, ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo ṣe ohun tí àwọn ará ilé fi mí rẹ́rìn-ín. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ku ọ̀la kí n lọ, mo kó gbogbo ẹrù mi sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn láṣọ. Mo yọ ọṣẹ ìfọyín kúrò nínú páálí rẹ̀, mo yọ bátìrì kúrò nínú ike líle tí wọ́n fi dì í, mo já ìwé àlẹ̀mọ́ àti okùn ike kúrò lára aṣọ ìwẹ̀ tuntun, mo ṣí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo gíláàsì awò ìmòòkùn, mo sì ṣa àwọn àpò kéékèèké tí ń fa ọ̀rinrin, èyí tí wọ́n máa ń sọ sínú bàtà àti báàgì, sọ́tọ̀. Nǹkan 37 ló wà nílẹ̀ nígbà tí mo ṣe tán, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí n bá fi ṣe ohunkóhun lórí omi. Mo mọ̀ pé wọn kò tìtorí pé mo fi wọ́n sílé kí wọ́n má jẹ́ ìdọ̀tí mọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí mo fi wọ́n sí, ọkọ̀ ìkólẹ̀ ń wá, ibi tí wọ́n ti ń gba páálí àti ike sì wà. Níbi tí mò ń lọ, àwọ̀n yíya ló wà. Oògùn nìkan ni n kò tú kúrò nínú páálí rẹ̀, nítorí pé aṣọ́bodè lè béèrè ohun tó jẹ́, èmi fúnra mi sì lè ṣi oògùn mú lóru. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé orí ilẹ̀ gbígbẹ ni a ti ń dá ìdọ̀tí orí omi sílẹ̀.

Ohun tí mo fi rọ́pò wọn kò pọ̀. Ìgò irin kan tí ìdérí rẹ̀ so mọ́ ọn lára. Ọṣẹ líle kan fún ara àti irun nínú agolo pẹlẹbẹ. Aṣọ ìnuwọ́ méjì dípò tíṣù. Bátìrì tí a lè gba iná sí. Àti àpò aṣọ kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ ní okùn fífà, èyí tí mo máa ń so mọ́ ìbàdí. Àpò yìí ni n kò lè fi sílẹ̀ láé. Gbogbo ohun tí mo bá tú lórí pèpéle, inú rẹ̀ ló ń wọ̀ lójú ẹsẹ̀. Abẹ́ itan kò ṣeé fọkàn tán, àpò ṣòkòtò náà kò sì ṣeé fọkàn tán, nítorí pé ọwọ́ tó bá tún wọ̀ ọ́ láti mú kọ́kọ́rọ́ ni yóò fa ìwé síta. Bí a bá sì fẹ́ jẹ ohun tí a dì sínú ọ̀rá, inú ọkọ̀, ní abẹ́ òrùlé, ni kí a ti jẹ ẹ́.

Mo ṣe àṣejù pẹ̀lú. Nítorí pé mo ń sá fún ike, mo da ìpara tí mo fi ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn sínú ìgò onígíláàsì. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìgò náà bọ́ lórí tábìlì, ó sì fọ́ sórí pèpéle tí gbogbo wa ń rìn lórí rẹ̀ láìwọ bàtà. Ọ̀gákọ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó fún mi ní ìgbálẹ̀, ó sì dúró tì mí títí mo fi ṣa àfọ́kù tó kẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn, ike líle kan tí mo ti ní nílé tipẹ́tipẹ́ ni mo fi ń gbé ìpara, n kò sì tijú rẹ̀. Ike tí a kò jù nù kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni.

Kí n tó sanwó ìrìn àjò kejì yẹn, mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ mẹ́ta, ohun mẹ́ta péré ni mo sì béèrè: níbo ni omi mímu wọn ti ń wá, ta ló ń gba ìdọ̀tí wọn bí wọ́n bá gúnlẹ̀, kí sì ni wọ́n ń ṣe sí àjẹkù oúnjẹ. Ọ̀kan kò dáhùn. Èkejì fi àwòrán ìjàpá ránṣẹ́ sí mi, ó ní àwọn fẹ́ràn òkun gan-an, ó sì fi kún un pé kọ́ọ̀pù tí àwọn ń lò máa ń jẹrà. Mo béèrè irú kọ́ọ̀pù tí ó jẹ́. Ike tí wọ́n fi àgbàdo ṣe ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní PLA. Ó ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó lè jẹrà dáadáa, ó gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń fi ìdọ̀tí ṣe ajílẹ̀, tí ooru ibẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òkun wo ló gbóná tó bẹ́ẹ̀? Inú omi ni yóò wà bí àwọn ike yòókù. N kò dá ẹni tó kọ lẹ́tà náà lẹ́bi púpọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára páálí ti tan èmi náà jẹ rí. Ẹni kẹta kọ ìdáhùn gígùn láìfi àwòrán kankan sí i. Ó ní ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ àwọn tí ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun, pé àwọn kì í gbé ìgò omi títà kankan, pé ilẹ̀ ńlá ni àwọn ń kó ìdọ̀tí padà sí, àti pé nítorí pé èyí ń gba àyè, kí àlejò má ṣe gbé ohun tí kò pọn dandan wọ ọkọ̀. Òun ni mo bá lọ.

Nínú ọkọ̀ yẹn ni mo ti kọ́ nípa èèpo ọsàn. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wà láàárín wa, ẹni jẹ́jẹ́ tí gbogbo wa fẹ́ràn. Bí ó ṣe bó ọsàn tán, ó ju èèpo sómi láìronú lẹ́ẹ̀mejì, kí n sì sọ òtítọ́, tèmi náà ti wà lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ jù ú tẹ̀ lé e. Ọ̀gákọ̀ dé, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, a kì í ju ìyẹn sómi níbí." Bàbá ní, "Ṣebí ohun tó ti ara igi wá ni, yóò jẹrà." Ọ̀gákọ̀ ní, "Igi ọsàn kò sí nínú òkun, Bàbá." Bàbá kò gbà bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó nawọ́ sí omi, ó ní kí ọ̀gákọ̀ wò ó, ẹja ti ń jẹ ẹ́. Òótọ́ ni, àwọn ẹja kéékèèké ti yí èèpo náà ká. Ọ̀gákọ̀ ní, "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn." Ó ṣàlàyé pé ẹja àti ẹyẹ tó bá ti mọ ọkọ̀ sí ilé oúnjẹ yóò fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Lórí òkè iyùn, àwọn ẹja kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa jẹ ewé omi tó fẹ́ bo iyùn mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ lé ọkọ̀ kiri, ta ni yóò bá wọn jẹ ẹ́?

Ó mú wa lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdáná, níbi tí pátákó kékeré kan wà tí mo ti ń kọjá lára rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní láìkà á. Òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní MARPOL ló ní kí gbogbo ọkọ̀ tó bá gùn tó mítà 12 gbé irú rẹ̀ kọ́. Àfikún karùn-ún òfin náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1988, kò gba kí ike kankan wọ òkun láti inú ọkọ̀, ibi yòówù kí ọkọ̀ náà wà. Ti àjẹkù oúnjẹ yàtọ̀: bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ títí tó fi lè gba ojú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kò ju mìlímítà 25 lọ, wọ́n lè dà á nù bí ọkọ̀ bá ti jìn tó máìlì òkun 3 sí ilẹ̀, bí wọn kò bá lọ̀ ọ́, ó di máìlì 12, ní àwọn òkun tí wọ́n yà sọ́tọ̀, irú bí òkun Mẹditaréníà, ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń wọn jíjìn náà ní òkè iyùn ńlá tí wọ́n ń pè ní Great Barrier Reef ní Ọsirélíà. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti etí ilẹ̀ gidi níbẹ̀, ẹ̀yìn òkè iyùn lọ́hùn-ún, ní ìhà agbami, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé iyùn náà ni ilẹ̀. Bàbá ka pátákó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìwé ìdánwò. Lẹ́yìn náà ó bá mi gba èèpo ọwọ́ mi, ó sì lọ fi í sínú garawa fúnra rẹ̀.

Ọkọ̀ ìrìn àjò afẹ́ kékeré bíi tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò nítòsí ilẹ̀ tó máìlì 3, nítorí náà inú ọkọ̀ ni àjẹkù ń gbé títí di ọjọ́ ìgúnlẹ̀. Alásè wa mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní alaalẹ́ ni ó ń gbé ìwé kékeré kan kiri, tí ó ń bi wá léèrè ohun tí a máa jẹ lọ́la àti bí ebi ṣe máa ń pa wá tó láàárọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ahun ni. Lẹ́yìn tí mo ti bá a gbé garawa àjẹkù lẹ́ẹ̀kan nínú ooru ọjọ́ karùn-ún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òtítọ́ fún un nípa ebi mi.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ẹnì kan láàárín wa ju tíṣù olómi sínú rẹ̀ nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ó ṣeé fi omi ṣàn lọ. Ọ̀pọ̀ irú tíṣù bẹ́ẹ̀, fọ́nrán ike ló wà nínú rẹ̀. Kò ya, kò yọ́, ó dí ẹ̀rọ tó ń fa omi ní aago méjì òru, àwọn atukọ̀ méjì ló sì fi ọwọ́ fà á jáde. N kò ní ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí sìgá náà kì í ṣe òwú gẹ́gẹ́ bí èmi ti rò. Ike kan ni wọ́n fi ṣe apá tí ń sẹ́ èéfín, nítorí náà àwọn tó ń mu sìgá nínú wa ń gbé agolo kékeré onídèérí kiri.

Ti ìpara oòrùn kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Erékùṣù Palau ti fòfin de àwọn ìpara tó ní èròjà tí wọ́n kà sí ewu fún iyùn láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2020, Hawaii sì fòfin de títa èyí tó bá ní èròjà tí wọ́n ń pè ní oxybenzone tàbí octinoxate nínú láti ọdún 2021. Èmi kàn wọ aṣọ ìwẹ̀ alápá gígùn, ìpara tí n bá lò ní ọjọ́ kan sì tó mi fún bí ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí mo dé Galápagos ní ìrìn àjò kẹta, mo ti rò pé mo mọ gbogbo rẹ̀. Àwọn erékùṣù wọ̀nyí jẹ́ ti Ecuador, wọ́n fi nǹkan bí 1,000 kìlómítà jìnnà sí ilẹ̀ ńlá, wọ́n sì ti ya òkun tó yí wọn ká sọ́tọ̀ láti ọdún 1998. Ní ọdún 2018 ni wọ́n fòfin de ọ̀rá ìrajà, ọ̀pá ike tí a fi ń fa ohun mímu, àti ike funfun tó fúyẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ. Wọ́n tú ẹrù mi wò ní pápákọ̀ òfuurufú, nítorí irúgbìn àti kòkòrò ni o. Síbẹ̀, ní etíkun kan tí ẹnikẹ́ni kò gbé, amọ̀nà fi ohun tí ìgbì gbé wá hàn wá: ìdérí ìgò, okùn àwọ̀n, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan tí irun rẹ̀ ti tán. A gba àyè láti ṣà wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe wù wá. Ó ní kí a yí nǹkan kọ̀ọ̀kan wò kí a tó mú un, bóyá alákàn kékeré ti fi ṣe ilé. Nígbà tí mo sì fẹ́ fa okùn kan tó lọ́ mọ́ iyùn lábẹ́ omi, ó di ọwọ́ mi mú. Okùn tó ti pẹ́ lára iyùn, bí a bá fi agbára fà á, iyùn ni yóò tẹ̀ lé e. Ọ̀bẹ ni wọ́n ń lò, wọ́n ń gé e díẹ̀díẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló sì ń ṣe é.

Ní gbogbo ìrìn àjò ni mo ti ń da àpò ìbàdí mi sórí tábìlì bí mo bá padà délé, kí n lè ka ohun tí mo gbé bọ̀. Lẹ́yìn ìrìn àjò kẹta, nǹkan 9 ló wà nínú rẹ̀: páálí oògùn ìrìndọ̀ méjì, báńdéèdì mẹ́ta, ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀rá súìtì kan tí wọ́n fún mi nínú ọkọ̀ òfuurufú náà, okùn bàtà tó já, àti ike ìpara oòrùn mi tó ti ṣófo. Inú mi dùn. Mo gbé ike náà láti lọ fọ̀ ọ́ kí n tún lè rọ ìpara mìíràn sínú rẹ̀, ìgbà náà ni mo rí i pé kò ní ìdérí. Mo tú àpò náà síta, mo gbọn báàgì ńlá, mo wo inú bàtà méjèèjì. Mo rántí pé mo ṣí i lórí ọkọ̀ kékeré tó gbé wa lọ sí etíkun yẹn, mo rántí pé ọwọ́ mi ń yọ̀, n kò sì rántí pé mo dé e padà.